Gàárì wo ló yẹ ẹni tó fẹ́ kọ́ ẹṣin rẹ̀ ní fífò, tó sì fẹ́ máa gùn ún lọ sóko?

Ìbéèrè: Òǹkàwé wa kan kọ̀wé láti Mọ̀pà pé òun ra ẹṣin kan ní Ìlọrin. Akọ ni, ìké èjìká rẹ̀ ga, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ó fẹ́ máa gùn ún lọ sí oko bàbá rẹ̀ lọ́nà Ìsánlú, ó sì fẹ́ kọ́ ọ kó lè máa fo igi tó wó dínà àti kòtò omi. Wọ́n fi gàárì méjì lọ̀ ọ́. Ọ̀kan jẹ́ gàárì àwọn Haúsá tó ga níwájú tó ga lẹ́yìn. Èkejì jẹ́ tòkunbọ̀ tí wọ́n ní fífò ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Ó bèèrè pé: "Èwo ni kí n rà? Ṣé ẹyọ kan lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì?"

Ìdáhùn: Ọ̀kún o, ẹ sì kú ìtọ́jú ẹran. Ẹyọ kan lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú méjì tí wọ́n fi lọ̀ yín, àkọ́kọ́ ò yẹ fún fífò rárá, èkejì sì lè ṣe ẹ̀yìn ẹṣin yín léṣe bí ẹ kò bá wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó. Ẹnu ara yín lẹ fi sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù: ìké rẹ̀ ga, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ń ra gàárì, ìdí ara wọn ni wọ́n máa ń rò, bí yóò ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn tó. Bẹ́ẹ̀, orí ẹ̀yìn ẹran ni nǹkan náà yóò wà, ẹran ò sì lè sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹṣin Òkè Ọya tí à ń rà ní Ìlọrin àti Kàdúná kì í fẹ̀ lẹ́yìn bíi ti ọ̀pọ̀ ẹṣin ilẹ̀ Òyìnbó. Ìhà rẹ̀ pẹlẹbẹ, ìké rẹ̀ yọ ṣóńṣó, ẹran ara tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kò pọ̀. Gàárì tòkunbọ̀ ní tirẹ̀ sábà máa ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Jámánì wá, níbi tí ẹṣin ti ń jẹ koríko tútù àti ọkà yó, tí ẹ̀yìn wọn sì tẹ́ rẹrẹ. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ gàárì bẹ́ẹ̀, egungun kan wà tí ẹ kò lè rí: pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ tí wọ́n sì fi irin há, tàbí ike líle. Egungun yìí ló ń sọ bí iwájú gàárì ṣe fẹ̀ tó. Awọ dídán kò lè yí i padà. Bí ẹ bá gbé gàárì tó fẹ̀ lé ẹ̀yìn tó tẹ́ẹ́rẹ́, iwájú rẹ̀ á rì, á sì máa gún ìké ní tààrà. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú ẹran lè fara dà á fúngbà díẹ̀. Àmọ́ bó bá fò tó ń balẹ̀, iwájú ni gbogbo ìwúwo yín máa ń dà sí, orí egungun yẹn náà sì ni. Èyí tó há jù náà ní ìyà tirẹ̀: á fún ẹran pa lẹ́yìn èjìká méjèèjì, á gbé iwájú sókè, á sì máa yí yín dà sẹ́yìn.

Báyìí ni ẹ ó ṣe wọ̀n ọ́n. Ẹ wá wáyà iná oníkọ́pà tó nípọn, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń fa iná láti orí òpó wọlé, tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, bẹ́ẹ̀ ni yóò wà. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tó. Kí ẹnì kan bá yín di ẹṣin mú lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kó dúró gbọn-in lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó má máa jẹko. Ẹ fọwọ́ wá pẹpẹ èjìká rẹ̀. Etí ẹ̀yìn egungun náà le lábẹ́ awọ, bí ẹnì kejì yín bá sì gbé ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin náà síwájú, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára tó ń sún sẹ́yìn lábẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ wọn ìka méjì sẹ́yìn etí egungun yìí. Ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ wáyà lé, kó gba orí ìké kọjá sí ìhà kejì, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara rẹ̀ títí àlàfo kankan kò fi ní sí láàárín wáyà àti irun. Ẹ gbé e kúrò jẹ́jẹ́, ẹ tẹ́ ẹ lé páálí, ẹ fi bírò tọ inú rẹ̀, kí ẹ gé e. Ẹ ṣe òmíràn níbi tó jin jù lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ìdí yín yóò wà. Ẹ kọ ọjọ́ sára méjèèjì, torí ẹ máa padà wá lò wọ́n.

Páálí yìí ni ẹ ó mú lọ bá ẹni tó ń ta gàárì. Kò pọn dandan kí ẹṣin bá yín lọ. Ẹ ki páálí bọ abẹ́ iwájú gàárì, kí ẹ sì wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì: òun àti tìmùtìmù abẹ́ gàárì gbọ́dọ̀ jọ máa sọ̀ kalẹ̀ bákan náà. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan ló kanra tí òkè sì ṣí, gàárì náà há. Bó bá jẹ́ òkè ló kanra tí ìsàlẹ̀ ṣí, ó fẹ̀ jù. Ẹni tó bá ń tajà lè sọ fún yín pé kò burú, pé kí ẹ fi aṣọ nínípọn sí i lábẹ́. Ẹ má gbà. Ẹni tí bàtà fún lẹ́sẹ̀ tó tún wá wọ sọ́kìsì nínípọn, ìrora ló fi kún ìrora. Èyí tó fẹ̀ díẹ̀ nìkan ni aṣọ lè bá tún ṣe, ìyẹn náà kò sì gbọ́dọ̀ ju ìgbà díẹ̀ lọ.

Bí páálí bá bá a mu, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ẹ gbé gàárì náà lé ẹṣin fúnra rẹ̀ láìtẹ́ aṣọ sí i. Ẹ gbé e lé iwájú díẹ̀, kí ẹ rọra fà á sẹ́yìn títí yóò fi dúró fúnra rẹ̀. Ibi tó dúró sí yẹn ni ipò rẹ̀. Ẹ fi ọ̀já abẹ́ ikùn dè é, kí ẹ gùn ún, kí ẹlòmíràn sì ki ìka sí àárín ìké àti iwájú gàárì. Ìka méjì sí mẹ́ta gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ pẹ̀lú ìwúwo yín lórí rẹ̀. Kí ó dúró lẹ́yìn ẹṣin, níbi tí kò ti ní jẹ ìpá, kó wo àlàfo tó gba àárín abẹ́ gàárì kọjá: ó gbọ́dọ̀ rí ìmọ́lẹ̀ ní òdìkejì. Kí àlàfo náà fẹ̀ tó ìka mẹ́ta ó kéré tán, láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ohunkóhun má baà kan egungun ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá ìhà tó gbẹ̀yìn. Ẹṣin sábà máa ń ní ìhà méjìdínlógún lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹ tọ èyí tó gbẹ̀yìn gòkè pẹ̀lú ìka títí dé ẹ̀yìn rẹ̀. Gàárì kò gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀, torí kò sí ìhà tó gbé ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró. Ẹṣin wa kò gùn púpọ̀ lẹ́yìn, gàárì tí wọ́n ṣe fún ẹni ńlá lè kọjá ààlà yìí.

Ó ku bírò yẹn. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ìjókòó gàárì ní ìbú, kí ẹ jẹ́ kó yí. Ibi tó bá dúró sí ni ẹ̀yin náà yóò máa rọ́ lọ. Àárín gan-an ló yẹ kó dúró sí. Bó bá yí lọ sẹ́yìn, gbogbo ìgbà tí ẹṣin bá fò ni ẹ ó máa jókòó gbì lé e lẹ́yìn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ẹ̀yin fúnra yín. Mi ò kẹ́gàn gàárì Haúsá o. Iṣẹ́ ọwọ́ tó lẹ́wà ni, ó sì dára fún ohun tí wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọ̀kọ̀, tó ń sáré tó sì ń dúró lójijì níwájú ọba, ó nílò ohun tí yóò há a mọ́ tiwájú tẹ̀yìn. Àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà tó ń ti Bídà wá kó ilẹ̀ wa lẹ́rú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó ṣẹ́gun Bídà ní 1897, orí ẹṣin ni agbára wọn wà. Àwọn baba ńlá wa sá gun orí àpáta nítorí pé ibẹ̀ ni ẹṣin ò ti lè ṣe bó ṣe fẹ́. Ilẹ̀ yẹn náà lẹ ń gun ẹṣin lórí rẹ̀ lónìí. Bí ẹ bá ń fo igi nínú gàárì tó ga níwájú, bí ẹṣin bá ti gbéra, ara yín ní láti tẹ̀ síwájú, igi iwájú gàárì á sì gún yín nínú tàbí láyà. Bí ẹ kò bá tẹ̀ síwájú, ẹ ó fa ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú ìjánu, ẹ ó sì já lé e lẹ́yìn nígbà tó bá ń balẹ̀. Ẹṣin tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ pé fífò ń dunni, yóò sì máa dúró gbágbáágbá níwájú igi.

Títẹ̀ síwájú bí ẹṣin bá ń fò yìí kò pẹ́ púpọ̀ tó dé ayé. Títí di ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin ológun ní Yúróòpù máa ń tẹ̀ sẹ́yìn bí ẹṣin bá ń fò, ẹsẹ̀ wọn á nà gbọọrọ. Ọ̀gágun ará Ítálì kan, Federico Caprilli, tí wọ́n bí ní 1868 tó sì kú ní 1907, ló wo bí ẹṣin ṣe ń fò nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí lẹ́yìn rẹ̀, tó sì sọ pé kí ẹlẹ́ṣin má dí i lọ́wọ́: kó ká okùn irin ẹsẹ̀ (irin tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀) sókè kó kúrú, kó gbé ìdí kúrò díẹ̀, kó tẹ̀ síwájú, kó sì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀lé ẹnu ẹran. Ohun tó kọ́ wọn yìí ló mú kí gàárì fífò rí bó ṣe rí lónìí. Bí okùn bá kúrú, orúnkún á yọ síwájú, nítorí náà wọ́n gé etí gàárì, ìyẹn awọ tó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí ẹsẹ̀ ẹlẹ́ṣin ń wà, kó bọ́ síwájú, wọ́n fi tìmùtìmù sí i fún orúnkún, wọ́n sì dín ìjókòó rẹ̀ kù kó má jìn.

Gàárì tó jẹ́ ti fífò nìkan dára fún ẹni tó ń fo igi gíga léraléra. Ẹ̀yin kọ́. Bí ẹ bá ti Mọ̀pà lọ sóko nínú rẹ̀ kí ẹ sì padà, ẹsẹ̀ yín á ti ro yín, torí orúnkún yín ti wà ní kíká ní gbogbo ọ̀nà. Ohun tí mo ní kí ẹ wá ni gàárì aláàárín, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní general purpose, tàbí GP. Etí rẹ̀ bọ́ síwájú díẹ̀, ìjókòó rẹ̀ jìn díẹ̀, ẹ sì lè na okùn irin ẹsẹ̀ ní ọ̀nà oko kí ẹ tó ká a sókè ní ihò méjì sí mẹ́ta bí ẹ bá fẹ́ fò. Igi tó wó lójú ọ̀nà, kòtò omi, ìdènà tí kò ga ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 80 lọ, ó gbé gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá ń wò wọ́n, èyí tí etí rẹ̀ bọ́ síwájú jù lára àwọn GP ni kí ẹ mú. Ẹ jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú okùn tó kúrú: orúnkún yín kò gbọ́dọ̀ yọ kọjá etí gàárì, ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìdí yín. Wọ́n máa ń fi íńṣì wọn ìjókòó, láti ibi ìṣó kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú dé àárín ẹ̀yìn. 17 bá ọ̀pọ̀ àgbàlagbà mu.

Nípa gàárì pọ́lò, tí àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin ní Kàdúná, Ìbàdàn tàbí Èkó lè fi lọ̀ yín ní owó pọ́ọ́kú: ó pẹlẹbẹ, kò sì ní ohun tó máa di orúnkún mú. Ẹni tó ti mọ ẹṣin gùn dáadáa lè fi fò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, kó fi í sílẹ̀.

Awọ tàbí ike? Mo fẹ́ràn awọ, ṣùgbọ́n fún yín, ike ni. Ìdí pàtàkì ni pé ọ̀pọ̀ gàárì ike ní irin iwájú tó ṣe é tú pẹ̀lú sikurudiráífà, kí ẹ sì fi èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí èyí tó fẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Nílẹ̀ wa, kò sí ohun tó wúlò tó ìyẹn. Lásìkò òjò koríko pọ̀, ẹṣin á sanra. Bí ọyẹ́ bá dé tí igbó jóná, á rù. Gàárì tó bá a mu ní oṣù kẹwàá lè máa kan ìké rẹ̀ ní oṣù kejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ ọjọ́ sára páálí: ẹ máa fi wáyà tún un wọ̀n bí àsìkò bá yí, kí ẹ sì fi tuntun wé ti àtijọ́. Bó bá jẹ́ pé ó rù lójijì nígbà tí koríko ṣì wà, ẹ má kàn pààrọ̀ irin. Eṣinṣin tsetse ṣì wà létí odò àti nínú igbó wa, àrùn tó ń gbé kiri sì máa ń jẹ ẹran ara ẹṣin díẹ̀díẹ̀. Dókítà ẹran ni kí ẹ pè. Ní ti awọ, ọyẹ́ á mú un sán, òjò á mú kó hu funfun. Bí awọ lẹ bá rà, ẹ fi ọṣẹ awọ nù ún lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá lò ó, ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, kí ẹ má sì sá a sóòrùn.

Nígbà tí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀ èyíkéyìí, ẹ yẹ egungun rẹ̀ wò. Ẹ gbé ẹ̀yìn gàárì ti itan yín, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fa iwájú rẹ̀ mọ́ra. Kó rọ̀ díẹ̀ kò burú. Bó bá ká, tàbí tí ẹ gbọ́ tó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ nínú, ẹ dá a padà fún wọn. Oníṣẹ́ awọ ní Ìlọrin lè rán okùn tó já fún yín, kò sẹ́ni tó lè lẹ egungun gàárì pọ̀ tí mo lè ní kí ẹ fi fò. Ẹ fa àwọn okùn tí ọ̀já ikùn ń kọ́ mọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún wo irin tí okùn irin ẹsẹ̀ rọ̀ mọ́ lábẹ́ etí gàárì: ó ní ahọ́n kékeré kan ní ìparí rẹ̀. Ahọ́n yẹn gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo tí ẹ bá wà lórí ẹṣin, kí okùn lè yọ bí ẹ bá ṣubú. Ọ̀pọ̀ ló ti ipata nílẹ̀ wa débi pé kò ṣe é ṣí mọ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ há tí ẹṣin wá ń wọ́ ọ lọ lórí àpáta, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń parí. Kí irin ẹsẹ̀ fi nǹkan bí íńṣì kan fẹ̀ ju bàtà yín lọ, kí bàtà náà ní gìgísẹ̀, kí àṣíborí yín sì jẹ́ ti ẹlẹ́ṣin, kì í ṣe ti ọ̀kadà.

Ilẹ̀ wa gun òkè ó tún sọ̀ kalẹ̀. Lórí ẹṣin tí ìhà rẹ̀ pẹlẹbẹ, gàárì máa ń sún sẹ́yìn bí ẹ bá ń gun òkè. Ẹ má torí ẹ̀ fún ọ̀já ikùn jù. Ẹ ra ọ̀já àyà, èyí tó gba àyà ẹṣin kọjá tó sì so mọ́ iwájú gàárì. Mo rò pé kò sí ohun tí owó rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tó tún wúlò tó o.

Ẹ kò sọ bí ẹ ṣe wúwo tó. Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ṣin ń lò ni pé kí ẹni tó gùn ún àti gàárì àti gbogbo ẹrù má ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ẹṣin lọ. Ẹṣin tó bá jẹ́ kílò 300, kílò 60 ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè máa gùn ún jẹ́jẹ́ lọ sóko, ṣùgbọ́n ẹ má fi fò.

Bí ẹ bá ti rà á, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan gùn ún lórí ilẹ̀ títẹ́jú kí ẹ tó fo ohunkóhun. Bí ẹ bá mọ ẹni tí ẹṣin rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n fò, ẹ jẹ́ kó ṣáájú yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré, ó sì rí bẹ́ẹ̀ nídìí fífò náà. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tú gàárì, kí ẹ tó da omi sí i lára, ẹ wo òógùn ẹ̀yìn rẹ̀. Ìhà méjèèjì gbọ́dọ̀ tutù bákan náà, kí ilà gbígbẹ kan sì gba orí egungun ẹ̀yìn kọjá. Bí ojú ibì kan ṣoṣo bá gbẹ láàárín ibi tó tutù, pàápàá lẹ́yìn èjìká, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé gàárì ń tẹ̀ ẹ́ jù níbẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ ibẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí ẹran bá sọ ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀ tàbí tó ká etí sẹ́yìn, ó ń dùn ún. Bí ẹ bá sì rí irun funfun tó ń hù níbi tí irun pupa tàbí dúdú wà tẹ́lẹ̀, ìpalára ti wọ awọ nìyẹn. Ẹ gbé gàárì náà sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ẹran sinmi títí ara rẹ̀ yóò fi jinná, kí ẹ sì tún fi wáyà wọ̀n ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀.